Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara: Ẹ Gbé Àyẹ̀wò Kókó Ọrùn Wá sí Òsì àti Ìlọ́fà

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kwara,
Ilé Ìjọba, Ìlọrin.
Nípasẹ̀ Kọmíṣánnà fún Ètò Ìlera.

Ọlọ́lá Jùlọ,

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni a fi kọ ìwé yìí ní orúkọ àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀: Àràrómì-Òpin, Òsì, Obbo-Ayégúnlẹ̀, Erúkù, Ìlọ́fà, Odò-Ọ̀wà, Kájọlà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ilẹ̀ tó bí Aréògún ará Òsì àti Bámigbóyè ará Kájọlà ni ilẹ̀ wa, àwọn agbẹ́gilére tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Ohun kan pàtó la wá tọrọ lọ́wọ́ yín: ọ̀nà tí ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú yóò fi tètè mọ ohun tó ń ṣe é.

Kókó ọrùn pọ̀ ní oríṣi, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Gẹ̀gẹ̀ wà, tó máa ń lọ sókè sódò bí ẹni náà bá ń gbé nǹkan mì. Ikọ́ ẹ̀gbẹ wà, tó lè wú ọrùn láìjẹ́ pé aláìsàn ń wúkọ́ rárá. Àpò omi tí wọ́n bí mọ́ ọmọ wà. Jẹjẹrẹ náà wà: ti ọ̀fun, ti ẹ̀yìn imú, ti gẹ̀gẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Oògùn oṣù mẹ́fà ló ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ọrùn sàn. Iṣẹ́ abẹ ni ti òmíràn. Òmíràn kò sì fẹ́ ju kí dókítà máa ṣọ́ ọ lọ.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti ọmọdé. Ní 1958, Dókítà Denis Burkitt, tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ kan tó máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà títí dòní, ó sì wà ní ilẹ̀ wa. Eyín ọmọ á kọ́kọ́ máa mì. Àwọn òbí á rò pé eyín lásán ni, wọ́n á ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá máa wú, kókó náà sì lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Síbẹ̀ oògùn ń ràn án: ọmọ tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà lè sàn pátápátá. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá fi ń wá owó ọkọ̀ ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀rọ tó lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, pé irú kókó wo nìyí, kò ga jù fún wa. Skáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún ni. Kò gé ara, kò sì ní ìtànṣán bíi ti X-ray. Òṣìṣẹ́ á fi oje tútù pa ọrùn, á gbé orí ẹ̀rọ lé e, á máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ àgbọ̀n dé egungun èjìká. Bó bá jẹ́ omi ló wà nínú kókó, dúdú ló máa hàn lójú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ẹran líle, á hàn ní àwọ̀ eérú. Bí àmì funfun wẹ́wẹ́ bá fọ́n sínú gẹ̀gẹ̀, tí etí kókó náà sì rí págunpàgun, ẹni tó mọṣẹ́ á mọ̀ pé ìfura wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn gan-an nínú kókó, á kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ kàn án. Èyí tó bá yẹ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, skáànù yìí kan náà ló ń tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó rọrùn láti gbàgbé. Orí ẹ̀rọ tó tẹ̀ kọdọrọ, èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, ibi tó jìn nínú ara ló mọ̀ ọ́n wò. Ohun tó wà lábẹ́ awọ ọrùn kì í hàn dáadáa lójú rẹ̀. Orí tó tẹ́jú ni ọrùn ń fẹ́. Ẹ̀rọ lè wà ní ilé ìwòsàn, kí orí yìí má sí níbẹ̀, kí aláìsàn sì padà sílé láìmọ nǹkan kan.

A mọ̀ pé skáànù nìkan kò lè parí iṣẹ́. Kókó tó ti sọ̀ kalẹ̀ wọ inú àyà, tó ń fún ọ̀nà èémí pa, tàbí tó ti ń jẹ egungun, ẹ̀rọ CT, tó ń ya àwòrán inú ara ní ìpele ìpele, ló máa fi hàn kedere. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ní Ìlọrin nìyẹn. A kò ní kí ẹ gbé CT wá sí Òsì. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó jẹ́ ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an ni yóò máa rin ìrìn àjò náà, kó sì tètè rìn ín.

Ìrìn àjò náà kò rọrùn. Aláìsàn láti Ìlọ́fà á gba Ọ̀mù-Àrán, á gba Àjàṣẹ́-Ìpo, á wọ Ìlọrin, á tún la ìlú kọjá sí ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ kó tó dé Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ sì mọ ohun tí ojú agbègbè wa ti rí. Àwọn agbébọn pa ọba ìlú Kòrò ní ààfin rẹ̀ ní oṣù kejì 2024. Àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkù ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ. Ẹni tí ẹ̀rù ọ̀nà bá ń bà á sọ pé ó dìgbà tí kókó bá dun òun. Jẹjẹrẹ ọrùn kì í sì í sábà dun ni níbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín:

1. Kí ẹ fi skáànù kan sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òsì, kí ẹ fi ọ̀kan sí Ìlọ́fà, kí orí tó ń wo ọrùn wà lára wọn, kí iná sólà sì wà tí yóò máa gbé wọn ṣiṣẹ́.

2. Kí ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ méjì, ó kéré tán, ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ wíwo ọrùn, kí ẹ sì fún wọn ní ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó tì wá.

3. Kí àwòrán tó bá rú wọn lójú máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá dókítà tó ń ka àwòrán ní Ìlọrin, kí èsì sì tètè padà.

4. Kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa máa san owó skáànù ọrùn, àti ti CT fún ẹni tí dókítà bá kọ ìwé fún. Ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú, ẹ má jẹ́ kó tò sórí ìlà.

5. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé bá àwọn tó ń yọ eyín, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn olórí ìjọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kókó tó bá ti lo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́rùn, kí wọ́n darí rẹ̀ sí ibi skáànù.

Ọ̀nà owó wà. Òfin Ìlera ti 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, ó sì ní kí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti ilé, ẹ̀rọ àti ọkọ̀. Ìjọba ti jà fún ọrùn wa rí: láti 1993 ni òfin ti pàṣẹ pé kí iyọ̀ tí a ń jẹ ní ayódíìnì nínú, nítorí gẹ̀gẹ̀. A dúpẹ́ ìyẹn, a sì ń bẹ̀bẹ̀ fún èyí tó kù.

Ọlọ́lá Jùlọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ẹni wá wo ilé ìwòsàn wa, kí ẹ sì kọ orúkọ Òsì àti Ìlọ́fà sínú ìṣúná tó ń bọ̀.

Tiyín pẹ̀lú ìtẹríba,
Ọmọ ìlú kan, ní orúkọ àwọn ará Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, Ìpínlẹ̀ Kwara.