Ẹ Ka Ìlù Ọkàn Kí Ẹ Tó Fẹ̀sùn Kan Ayé

Nígbà tí ènìyàn bá dákú lójijì nínú ilé, tí ó sì jí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ará ilé ni pé, "Ayé ni," tàbí, "Wárápá ni." Èmi kò sọ pé kò sí wárápá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ọkàn léèrè, nítorí pé ọkàn tí kò lù déédéé a máa mú ènìyàn dákú, ó sì ní ìwòsàn lóde òní.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìlù dùndún ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá ìlù ní í ṣáájú, àwọn yòókù a sì máa tẹ̀lé e. Ní yàrá òkè lápá ọ̀tún ọkàn, ibi kékeré kan wà tí ó dàbí ìyá ìlù. Iná tín-ín-rín, irú iná mànàmáná, ní ń ti ibẹ̀ jáde, tí ń mú ọkàn lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan bí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìlù yìí fi ń bàjẹ́: ó lè falẹ̀ jù, ó lè yá jù, tàbí kí olúkúlùkù máa lu tirẹ̀ láìtẹ̀lé ẹnikẹ́ni.

Fún èyí tí ó falẹ̀ jù, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí à ń pè ní pacemaker. Abẹ́ awọ àyà ni wọ́n ń fi í sí, wáyà rẹ̀ a sì dé inú ọkàn. Bí ọkàn bá gbàgbé láti lù, ẹ̀rọ náà a rán an létí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 1958, ní ilẹ̀ Swídìn, ni a kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sínú ara ènìyàn. Arne Larsson ni orúkọ ọkùnrin náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì ń dákú lóòjọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni ó rọ dókítà Åke Senning àti Rune Elmqvist, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, títí wọ́n fi gbà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò ju wákàtí díẹ̀ lọ tí ó fi bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sú wọn. Larsson lo ẹ̀rọ tí ó ju 20 lọ, ó sì di ẹni ọdún 86 kí ó tó kú ní 2001.

Fún èyí tí ó yá jù, dókítà a máa ti okùn tín-ín-rín kan gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan lọ sínú ọkàn, a wá ibi tí iná ti ń ṣì lọ, a sì fi ooru tàbí òtútù pa ibẹ̀ nìkan. Ablation ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Wọn kì í la àyà. Ọkàn-sísáré tí í bẹ̀rẹ̀ lójijì tí í sì dá lójijì a máa tipa rẹ̀ sàn pátápátá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ìlù rẹ̀ dàrú, tí ó wọ́pọ̀ lára àgbà, lè padà wá. Ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn, kí ó gun orí lọ, kí apá àti ẹsẹ̀ rọ. Nítorí náà, bí dókítà bá fún yín ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín.

Ìdàrú kan wà tí ó burú jù, tí í pa ènìyàn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2021, Christian Eriksen ṣubú lórí pápá ní Copenhagen níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ léraléra, wọ́n fi iná ta ọkàn rẹ̀ jí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ ICD sí i lára, irú èyí tí a kọ́kọ́ lò ní Baltimore ní Amẹ́ríkà ní 1980. Ẹ̀rọ yìí a máa ṣọ́ ọkàn tọ̀sán tòru. Bí ìdàrú bá dé, a ta á jí. Ní oṣù Kejì 2022, Eriksen ti padà sórí pápá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé irin kò gbọdọ̀ wọ inú ara ọmọ ènìyàn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ta ni ó ń ju awò ojú rẹ̀ nù nítorí pé kò bá a wá láti ọ̀run? Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ẹni tí yóò ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ra ẹ̀rọ láìbèèrè ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bátìrì rẹ̀ a máa tán lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹbí tó dáwó jọ, kí wọ́n bèèrè iye ti òní àti iye ti ọ̀la. Kì í sì í ṣe gbogbo àyà tí ó ń já ni ó ń fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: obì àjẹjù, kọfí, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àrùn gẹ̀gẹ̀ lè mú ọkàn sáré.

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa, ẹ fi ìka méjì lé iṣan ọrùn ọwọ́ níhà àtàǹpàkò, kí ẹ wo aago, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ń ju 100 lọ, tàbí tí kò tó 50, nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí kò lọ déédéé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya ìlù ọkàn yín sórí ìwé. Ẹni tí ó bá dákú, tàbí tí àyà ń dùn, tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé àdúrà kò ní sá lọ. Ẹ kọ́kọ́ gba ilé ìwòsàn kọjá ná.