Fèrè Ọkọ̀ Kì í Lé Màlúù Kúrò Lójú Títì

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìgbẹ́tì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Wọ́n ti fi kọ́ wa ní gáréèjì pé bí màlúù bá dí títì, ká ṣáà tẹ fèrè mọ́lẹ̀, wọ́n á yà. Irọ́ ni, irọ́ tó ń pààyàn sì ni.

Ẹ wo agbo tó ń sọdá. Àwọn tó ṣáájú ti wọ pápá lódìkejì, àwọn kan ṣì wà lórí ọ̀dà, ọmọ màlúù kan kù sẹ́yìn, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Ẹ wá fọn fèrè. Màlúù tí ẹ̀rù bá kì í dá sá lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sá sí. Ọmọ á bẹ́ sójú títì, ìyá tó ti kọjá á sì ṣẹ́rí padà wá a. Ojú màlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí: ó ń rí ọ̀tún, ó ń rí òsì, àmọ́ kì í tètè mọ bí ohun tó ń bọ̀ ṣe súnmọ́ òun tó. Ariwo yín ò fi ọ̀nà kankan hàn án.

"Èmi á yà fún un." Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ṣẹ́ ọkọ̀ lójijì lórí irú eré yẹn, igi tàbí tírélà ló ń lọ pàdé. Bí ọkọ̀ kékeré bá sì gbá màlúù lẹ́sẹ̀, ara rẹ̀ á ré bọ́ sórí gíláàsì iwájú, ibi tí orí yín wà. Lóru, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ dín eré kù láti òkèèrè, ẹ dúró, ẹ wo darandaran. Ohùn rẹ̀ àti ọ̀pá rẹ̀ ni àwọn màlúù mọ̀. Bó bá jẹ́ màlúù kan péré lẹ rí, ẹ gbà pé àwọn yòókù wà nínú igbó.

Ẹnìkan á ní, ṣebí Ọ̀yọ́ ti ṣòfin lórí dídaran káàkiri ní 2019, Òǹdó àti Èkó ní 2021. Kí ló dé témi á fi dúró dè wọ́n? Òfin náà dára, mo fẹ́ kí wọ́n mú un ṣẹ. Ẹ lọ fẹjọ́ darandaran sùn níbi tó yẹ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé èrò yín délé.