Ẹ Bá Ọmọ Iṣẹ́ Yín Sọ̀rọ̀ Kó Tó Lọ

   

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá títí dé Ìgándò, ẹ ò lè rìn jìnnà kẹ́ ẹ má kan télọ̀, wẹ́dà, mẹkáníìkì, onídìrí tàbí káfíńtà. Ọmọ Ìṣẹ̀ṣe wà nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí dáadáa, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń rò fún mi: "Bàbá, ọmọ ìsinsìnyí ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Oṣù méjì péré, ó ti lọ. Kò tiẹ̀ ní dágbére."

Mo gbọ́ tọ̀gá tán, mo ní kí n gbọ́ tàwọn ọmọ náà. Ọ̀kan tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà sọ fún mi pé, "Bàbá, oṣù kẹjọ rèé, mi ò mọ ìgbà tí mo máa gba fírídọ̀ọ̀mù. Tí n bá béèrè, ọ̀gá á ní ṣé mo ti fẹ́ di ọ̀gá ni." Ọmọbìnrin kan tó ń bá èèyàn tajà ní iye tí wọ́n pè fún òun kọ́ ni òun gbà níparí oṣù, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàlàyé. Èmi ò sọ pé kò sí ọ̀lẹ láàárín wọn. Ó wà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé ìdákẹ́ ọ̀gá ń lé ọmọ lọ ju ìnira iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń mú òun lọ, kò sí bí kò ṣe ní bọ́ sílẹ̀ lọ́nà.

Ká má parọ́, ọ̀pọ̀ wa ò mọ ohun tí òfin sọ. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1974 ní kó tó ju oṣù mẹ́ta lọ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ọ̀gá ti kọ àdéhùn fún un: irú iṣẹ́ tó jẹ́, iye owó rẹ̀, ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí tí yóò máa ṣe. Ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ti kọjá ọdún 12 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 16 tún yàtọ̀. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa fi í síṣẹ́ pẹ̀lú ìwé, àmọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbà, ìkọ́ṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa o: òfin ní ká bi ọmọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Ní July 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000. Ní October ọdún yẹn, ìjọba Èkó kéde ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Òfin yẹn ò de ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá tó 25, torí náà ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tẹ́ ẹ gbà ti rí iye yẹn lórí fóònù rẹ̀. Bí agbára yín ò bá ká a, ẹ pè é jókòó: "Iye tó ń wọlé nìyí, rẹ́ǹtì nìyí, owó epo jẹnẹrétọ̀ nìyí, ohun tí mo lè san nìyí." Ó lè gbà, ó lè má gbà. Èyí tó bá gbà, ó mọ ohun tó gbà. Èyí tẹ́ ẹ bá sọ fún pé "ṣáà máa ṣe é, a ó máa wò ó," yóò wò ó lóòótọ́, yóò sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ọmọ awo. Ìkọ́fá lè gba ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọmọ awo ń dúró. Kí ló dé? Ó mọ ibi tó bá a dé, ó sì mọ èyí tó kàn. Tó bá ń ké ẹsẹ, olúwo ń gbọ́; tó bá ṣì í, wọ́n á tún un ṣe fún un. Bí wọ́n bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ohùn tirẹ̀ náà wà nínú ègbè. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tí mo wá ń sọ fáwọn ọ̀gá nìyí. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ láàárọ̀: kí la fẹ́ ṣe lónìí, ta ló ń ṣe kí ni, kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá? Ẹ jẹ́ kí àbúrò wọn pátápátá náà sọ̀rọ̀. Tó bá bajẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ bá a wí nígbà tí kọ́sítọ́mà bá lọ, ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp. Fóònù tẹ́ ẹ ń bú yẹn, ẹ ní kó fi ya fọ́tò iṣẹ́ yín kó gbé e sí Instagram, kó kọ́ ẹ̀yin náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ kọ oṣù tí yóò parí sílẹ̀. Government Technical College wà ní Ìkòtún níbí. Ọmọ tó wà níbẹ̀ mọ kíláàsì tó wà àti ọdún tó máa jáde. Ṣọ́ọ̀bù tiwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ náà, mi ò ní gbè yín lẹ́yìn nínú kéèyàn kàn pòórá. Òfin kan náà ní kí òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ sọ tẹ́lẹ̀: ọjọ́ kan tó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ ló ti lò, ọ̀sẹ̀ kan tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì. Ẹ wọlé tẹ̀yẹ, ẹ jáde tẹ̀yẹ. Bí ohun kan bá ń dùn yín, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́. Ìbéèrè tí wọ́n bá fi ọ̀wọ̀ béèrè kì í ṣe àfojúdi.

Ìdí tó fi ká mi lára nìyí. Ọmọ tó bá ti ṣọ́ọ̀bù lọ pẹ̀lú ìbínú, àwọn oní-Yahoo ń dúró dè é ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Láìpẹ́, á máa wá ẹni tó máa ṣe ọṣẹ owó fún òun. Tí nǹkan bá bàjẹ́, orúkọ Ìṣẹ̀ṣe ni ìlú máa dá. Ẹni tó bá pa ọmọ kan mọ́ sídìí iṣẹ́, ó ti bá wa dáàbò bo ìṣẹ̀ṣe.

Bá a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi tọ̀tún fà á mọ́ra. Kó tó di ìpàdé wa mìíràn, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan nínú wa pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kó bi í pé: "Kí lo ò tíì yé ọ nínú àdéhùn wa?" Kẹ́ ẹ sì dákẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀.

Ògún á fún wa níṣẹ́ ṣe, á fún wa lọ́mọ tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Àṣẹ o.