Ẹ Jẹ́ Kí Owó Orí Fi Ìkòkò Ọbẹ̀ Mẹ̀kúnnù Sílẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin náà sọ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ènìyàn ń rí lọ́dún, lẹ́yìn àwọn àyọkúrò tí òfin gbà, kò ní owó orí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ó sàn ju ti àtijọ́ lọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Síbẹ̀, ó kéré jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fàṣẹ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Lọ́dún, ìyẹn jẹ́ ₦840,000. A jẹ́ pé ibi tí owó orí ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹlẹ̀ ju owó tí ìjọba fúnra rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gbà dín sí. Àwọn aṣòfin mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù kúrò nínú owó orí pátápátá. Ẹni tó wá ń gba ₦80,000 ńkọ́? Tiẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦960,000. Bí kò bá ní àyọkúrò kankan, yóò san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦160,000, èyí tí í ṣe ₦24,000. Nínú ₦10,000 tó fi ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ lóṣù, ₦2,000 ti bá owó orí lọ.

Wọ́n ní àyọkúrò owó ilé wà: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan, tí kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó bá ń san ₦2,500,000 fún ilé nìkan ló lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Múṣin tàbí ní Òṣogbo, tí onílé kì í fún ní rìsíìtì, kí ni yóò fi hàn? Ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ ní rí nǹkan kan yọ. Ṣùgbọ́n owó tí òfin bá yọ sílẹ̀ fún tolórí tẹlẹ́mù kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan.

Èyí tó burú jù ni pé iye náà dúró sójú kan. ₦200,000 tó wà nínú òfin àtijọ́ kò yí padà láti 2011 títí di 2025. Ní 2011, dọ́là kan kò tó ₦170. Ní 2025, ó ti kọjá ₦1,400. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni òfin ní kí a máa tún owó oṣù tó kéré jù yẹ̀ wò báyìí. Ta ni yóò tún ₦800,000 yẹ̀ wò?

Àwọn gómìnà lè ní owó ìpínlẹ̀ yóò dín kù, nítorí àwọn ló ń gba owó orí òṣìṣẹ́. Kí wọ́n rántí pé àtúnṣe kan náà ló gbé ìpín wọn nínú owó orí ọjà, ìyẹn VAT, láti ìdá 50 sí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ̀kúnnù sì ń san owó yẹn náà nígbà gbogbo tó bá ra ọjà tí òfin kò yọ sílẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè ṣe kedere. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ sọ ọ́ dòfin pé owó tí kò ní owó orí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po méjì owó oṣù tó kéré jù lọ́dún. Lónìí, ìyẹn jẹ́ ₦1,680,000. Bí owó oṣù bá gòkè lọ́la, kí òun náà bá a gòkè. Ẹ̀yin sẹ́nétọ̀ àti aṣojú wa ní Àbújá, ẹ ó tún wá tọrọ ìbò. Ẹ mú ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí dání bí ẹ bá ń bọ̀.