Ẹfun Nìkan Kò Tó Láti Kọ́ Ọmọ Òṣìṣẹ́



Ní ọjọ́ 15 oṣù Ọkitóbà 2024, táńkà epo ṣubú ní Májíyà, ìpínlẹ̀ Jígáwá. Àwọn ènìyàn lọ gbọ́n epo, iná sọ, ẹ̀mí tó lé ní 100 bá a lọ. Ní oṣù Jánúárì 2025, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní Díkkò, ìpínlẹ̀ Niger. Kíá ni àwọn ọlọ́lá ní ojúkòkòrò ló pa tálákà. A kò gbà! Ebi wà níbẹ̀, àìmọ̀ náà sì wà níbẹ̀, àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́ni ni a fẹ́ bá wí.

Kí ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa nǹkan olómi? Ẹfun àti pátákó. Pé nǹkan olómi a máa gba ìrísí ohun tí a bá rọ ọ́ sí. Ọmọ á há a sórí, á yege, kò sì ní mọ̀ pé epo inú kẹ́ẹ̀gì bàbá òun kì í jókòó síbẹ̀. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ náà ńkọ́? Ẹfun ni.

Bẹ́ẹ̀ ni àṣefihàn kan sì wà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì. Olùkọ́ á mú páànù tí a tẹ̀ bíi gọ́tà òrùlé, á gbé orí rẹ̀ kan sókè, á fi àbẹ́là tó ń jó sí ìsàlẹ̀, á wá fi òwú tí a ta bẹntiróòlù díẹ̀ sí sókè. Láìpẹ́, iná á sáré láti ìsàlẹ̀ gòkè lọ bá òwú. Oru epo ló ṣàn wálẹ̀ bí omi, torí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Ojú kò sì rí i. Ọmọ tó bá rí èyí yóò mọ ohun tó wà nínú kòtò ẹ̀bá títì níbi tí táńkà bá ṣubú sí, ì báà jẹ́ pé sìgá ẹni tó fẹ́ tan iná jìnnà síbẹ̀.

Kẹrosíìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti gbóná tó nǹkan bí 38 dígírì kí oru rẹ̀ tó lè gbiná, ṣùgbọ́n oru bẹntiróòlù ń gbiná nínú òtútù tó ju ti yìnyín lọ. Ìdí nìyẹn tí kẹrosíìnì tí àwọn oníjìbìtì bá fi bẹntiróòlù lú fi ń bú mọ́ni lójú.

Wọ́n á ní ó léwu. Ó léwu lóòótọ́, kí ọmọ má ṣe dán an wò nílé. Ọwọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló yẹ kó wà, pẹ̀lú epo táṣẹ́rẹ́ àti garawa iyanrìn nítòsí. Wọ́n á tún ní owó kò sí. Páànù, àbẹ́là, iyanrìn: èwo ló wọ́n nínú wọn?

Ẹ mú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, kí a lè mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí.