Ra Kan, Gba Kan, Da Kan Nù
Ẹ̀dínwó "ra kan, gba kan lọ́fẹ̀ẹ́" ń sún èèyàn ra oúnjẹ ju èyí tó lè jẹ lọ, ilé oníbàárà sì ni àdánù rẹ̀ ń já sí. Ní 2013, ilé ìtajà Tesco ní Britain yẹ ọjà ara rẹ̀ wò, ó rí i pé ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ewébẹ̀ sàláàdì inú ọ̀rá ló ń di dídànù. Ó sì fòpin sí irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ọ̀rá ńláńlá. Níbi tí iná kì í ti í lọ nìyẹn o! Ní Maiduguri ní ìpínlẹ̀ Borno, ooru oṣù kẹrin ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn agbésùnmọ̀mí sì wó òpó iná ní January 2021, tí ìlú fi wà lókùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tòmátì tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ lè ti máa ṣomi nídìí apẹ̀rẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Àwọn kan á ní ẹ̀dínwó ló ń jẹ́ kí tálákà rí oúnjẹ jẹ. Lóòótọ́, ebi ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Borno. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti múdù ìrẹsì kan lọ kò lè ra odindi àpò tí ẹ̀dínwó wà lórí rẹ̀, kò sì lè jẹ àǹfààní kankan. Olówó ló ń jẹ ẹ́, òun náà á sì máa sè ju bó ṣe yẹ lọ nítorí kí ọjà má bàjẹ́. Kí àwọn ilé ìtajà dín owó múdù kan ṣoṣo kù, kí wọ́n sì tètè ta èyí tó fẹ́ bàjẹ́ ní ìdajì owó.