Ogún ìbọn ológun àtijọ́ ní Johannesburg: Kí ló ń sọ iye rẹ̀, kí sì ni òfin wí?

Nígbà tí àgbàlagbà kan bá ṣaláìsí ní Johannesburg, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣí àpótí irin tó fi sílẹ̀, kì í ṣe ìwé ilé àti owó nìkan ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìbọn ìléwọ́ ológun kan wà níbẹ̀, èyí tí bàbá tàbí bàbá àgbà wọn gbé ti ojú ogun dé. Ìbéèrè méjì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn: irú ìbọn wo nìyí, èló ni wọ́n sì lè tà á?

Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ta ni òfin gbà láyè láti ní in? Ní South Africa, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló ń pinnu iye tí ìbọn náà lè pa.

Báwo ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe dé ìlú náà?

Ogun ló kó wọn dé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Johannesburg lọ́wọ́ àwọn Boer ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 1900. Ìbọn ìléwọ́ Webley, tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham, wà lára ohun ìjà àwọn ọ̀gágun wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun South Africa jà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun àgbáyé méjèèjì, láti Delville Wood ní France lọ́dún 1916 títí dé Tobruk ní Libya lọ́dún 1942.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìdílé ni irú ogún bẹ́ẹ̀ kàn. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ìlànà ìjọba South Africa kò fàyè gba ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti gbé ìbọn. Ọ̀kọ̀ ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn tó ń ṣọ́ ibùdó.

Àmì wo ló ń sọ irú ìbọn tó jẹ́?

Ara ìbọn náà ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Webley Mark VI, tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé lọ́dún 1915, máa ń ní orúkọ Webley, irú tó jẹ́ àti ọdún tí wọ́n ṣe é lára. Ìsàlẹ̀ ìdìmú rẹ̀ ní igun, nígbà tí ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ rí roboto bí orí ẹyẹ. Enfield No. 2, tí wọ́n gbà wọlé lọ́dún 1932, kéré sí i, ọta .38 ló sì ń lò dípò .455.

Àmì tó yẹ kí ojú wá jù ni ọfà kékeré. Ọfà náà fi hàn pé ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ìbọn náà nígbà kan. Bí ọfà bá wà nínú lẹ́tà U, ìjọba South Africa ló ni ín. Bí ó bá wà nínú lẹ́tà C, ti Canada ni.

Kí ló ń gbé iye rẹ̀ ga tàbí já a wálẹ̀?

Ìbọn tí nọ́ńbà ara àwọn ẹ̀yà rẹ̀ bára mu níye lórí ju èyí tí wọ́n fi ẹ̀yà ìbọn mìíràn tún ṣe lọ. Ìwé iṣẹ́ ológun, lẹ́tà, àwòrán àti àmì ẹ̀yẹ tó ń fi ẹni tó gbé e hàn máa ń gbé iye rẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n bí ìdílé bá ha ìpẹtà rẹ̀ dànù kí ó lè máa dán, iye rẹ̀ já nìyẹn.

Ewu tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fá ẹ̀yìn àgbá ọta ọ̀pọ̀ Webley kí ó lè gba ọta .45 ti Amẹ́ríkà. Agbára ọta náà lè ju èyí tí ìbọn náà lè gbà lọ, ó sì lè fọ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láti fi dán an wò.

Ṣé ọjọ́ orí lè yọ ìbọn kúrò lábẹ́ òfin?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Lábẹ́ Òfin 60 ti ọdún 2000, tó ń ṣàkóso ìbọn ní South Africa, èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu, tí wọ́n sì ṣe ṣáájú ọdún 1900, tàbí àwòkọ irú rẹ̀, nìkan ni wọ́n kà sí ìbọn àtijọ́. Webley tí wọ́n ṣe lọ́dún 1899 kò sí lára wọn, nítorí pé ẹ̀yìn ni ọta ń gbà wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní in láìní ìwé àṣẹ lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 15 jura.

Ìwé àṣẹ olóògbé kì í ṣe ohun àjogúnbá. Alábòójútó ogún gbọ́dọ̀ fi ìbọn náà sí ìpamọ́ tó bófin mu. Ẹni tó jogún rẹ̀ lè wá ìwé àṣẹ tirẹ̀, ó lè jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ìjọba fọwọ́ sí sọ ọ́ di èyí tí kò lè yìn mọ́, tàbí kí ó gbé e fún ẹlòmíràn tó ní àṣẹ.

Èyí ló ń mú kí ọjà rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá fẹ́ rà á náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ìbọn kan ṣoṣo ni òfin sì gba ènìyàn láyè láti ní fún ààbò ara, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi àǹfààní yẹn ra ìbọn tó ti gbó. Àwọn tó ń kó ohun ìjà àtijọ́ jọ ló kù, àwọn náà sì nílò ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń bẹ̀rù láti kó o fún ọlọ́pàá?

Ìjọba fún àwọn ará ìlú láàyè láti dá ìbọn padà láìjìyà pé wọ́n ní in láìgbàṣẹ, láti oṣù Kejìlá ọdún 2019 sí oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àti láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 sí oṣù Kìíní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Christiaan Prinsloo kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀gá ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ni, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 18 lọ́dún 2016, nítorí pé ó ta ìbọn tó yẹ kí wọ́n bà jẹ́, èyí tó dé ọwọ́ àwọn jàǹdùkú ní agbègbè Cape.

Síbẹ̀, ìbọn tí ìdílé fi pamọ́ sílé náà kò bọ́ lọ́wọ́ olè. Ìwé ló ń dáàbò bo ìdílé: kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìbọn náà sílẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé e lé lọ́wọ́.

Bí ọmọ Nàìjíríà bá jogún irú rẹ̀ ńkọ́?

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1959 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ya ìbọn ṣakabùlà àwọn ọdẹ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ ní àyàfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá jogún Webley ní Johannesburg kò lè dì í mọ́ ẹrù padà wálé. Lẹ́tà, àwòrán àti àmì ẹ̀yẹ ẹni tó gbé e jagun ni ó lè kó dání láìsí ìbẹ̀rù, kí ìtàn ìdílé má baà parun.